Ìyá Má-Sunkún

"Màmá, ẹ bò ó dáadáa, ó ń yọrí síta."

Obìnrin tó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì ló sọ bẹ́ẹ̀. Itan mi ló ń wò, níbi tí mo gbé pádì géèmù àtijọ́ kan lé, tí mo fi ìborùn wé e bí ọmọ ọwọ́. Mo fa etí ìborùn náà bò ó. Kí ni mo tiẹ̀ ń bò? Ta ni kò mọ ohun tó ń gbé èèyàn wá sí Ilé Ohùn, ibi tí ìjọba ti ń gba ohùn tí kò ní ìwé? Bàbá kan wà níwájú wa tó gbé fíríìjì kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, tó ń fọwọ́ pa á lórí, tó ń sọ fún un pé àwọn ò ní í pẹ́. Arákùnrin kan fi òṣùwọ̀n alápatà mọ́ àyà. Inú àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ni géèmù wọn wà. Géèmù ayédèrú kì í yan ilé. Ibi tó bá ti rí gíláàsì àti iná, yóò wọlé síbẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ti kọjá bíbò," mo ní. "Etí-ilé ló fẹjọ́ mi sùn."

"Yéè! Ẹ ò fi tìmùtìmù dí i ni?"

"Mo fi tìmùtìmù dí i, mo tún fi aṣọ òfì lé e. Ó gbọ́ náà ni. Ó ránṣẹ́ sí wọn pé ohùn kan tí kò ní ìwé ń sọ̀rọ̀ nílé mi láràárọ̀. Ẹ gbọ́ ná, etí tí ìjọba kàn mọ́ ògiri mi, tó ń mu iná mi, òun náà ló tún ń rojọ́ mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sáré fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ̀ bá jẹ́ aránṣọ bíi tèmi. Ariwo máṣíìnì ni mo fi ń dí tèmi. Tinúọlá lorúkọ mi, Màmá. Ṣọ́ọ̀bù mi ló wà ní òdìkejì títì yẹn. Èdìdì ìjọba ni mo wá gbà fún gíláàsì máṣíìnì mi, wọ́n sì ti fún mi, mo kàn ń sinmi kí oòrùn rọ̀ ni. Kí ló wà nínú tiyín?"

"Géèmù bọ́ọ̀lù ni."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbọ́ òórùn epo máṣíìnì lára rẹ̀. "Ṣé kì í ṣe ti Ìyá Má-Sunkún, Màmá?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ìyá tó bí mi lọ́mọ ni? Láti ìdájí ni mo ti wẹ̀, tí mo ti wọ aṣọ tó dáa, nítorí mo ń bọ̀ wá mú ìyá mi lọ sílé. Ohun tí mo wá ṣe gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá jáde pé ẹbí òun ló ni ohùn kan, wọn kì í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á gbé e sínú àpótí fún un. Mo ti ṣí àyè sílẹ̀ fún àpótí náà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo ti nù ún pàápàá.

Òkìkí Ìyá Má-Sunkún ti kàn kọjá òkun. Ẹ lọ ka ohun tí wọ́n ń sọ lórí ayélujára kí ẹ rí bí irọ́ ṣe ń bímọ tí ọmọ rẹ̀ tún ń bímọ. Àwọn kan ní ìdí ẹ̀rọ ni obìnrin náà kú sí, ni ẹ̀mí rẹ̀ bá kó sínú rẹ̀. Àwọn kan ní ọmọ rẹ̀ ló bómi lọ, tó ń wá a kiri inú gbogbo gíláàsì ayé, pé ìdí nìyẹn tó fi ń béèrè oríkì lọ́wọ́ èèyàn kí ó tó jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní agbábọ́ọ̀lù kejìlá kan wà nínú ẹgbẹ́, kò lójú, kò nímú, pé ọmọ tó bómi lọ náà nìyẹn. Irọ́ gbuu! Fọlárìn àbúrò mi ló gbàgbé láti pa agbábọ́ọ̀lù yẹn rẹ́ nígbà tó ń da géèmù náà kọ. Ebi ló ń pa á lọ́jọ́ náà, ó ń kánjú lọ jẹun. Bí àṣìṣe ẹni tí ebi ń pa ṣe di iwin nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí gbogbo wọn gbà gbọ́, tọmọdé tàgbà. Wọ́n ní bí Ìyá Má-Sunkún bá pè ọ́ tí o kò dáhùn, kò ní í pè ọ́ mọ́ láyé. Nítorí náà kò sẹ́ni tí kì í dáhùn. Èèyàn á wà nínú ìpàdé, á máa fi géèmù pamọ́ sábẹ́ tábìlì, a kàn máa gbọ́ "Hẹ̀ẹ́n, Ìyá!" lójijì ni. Èmi náà ń dáhùn láràárọ̀, àmọ́ tèmi kì í ṣe ti iwin. Ìyá mi ló ń pè mí.

"Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n nà mí ni, Màmá," Tinúọlá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí. "Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Inú àwọ̀n ara mi ni mo máa ń gbá bọ́ọ̀lù sí."

"Kí ló dé?"

"Kí n lè pàdánù kíákíá, kí Ìyá lè kì mí." Ó ń fi tẹ́ẹ́pù tó fi kọ́rùn wé ìka, ó ń tú u, ó tún ń wé e. "Mo bímọ kan, kò dúró. Gbogbo ará ilé ọkọ mi ní kí n má sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́, wọ́n ní òmíràn ń bọ̀. Ìyá tèmi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, mi ò mọ bí ohùn wọn ṣe rí. Kò sẹ́ni tó kì mí rí láyé mi. Ìgbà tí géèmù yìí béèrè oríkì lọ́wọ́ mi ni mo tó pe àbúrò bàbá mi láti wádìí, ni wọ́n bá ní Àyọ̀ká ni mí. Èmi ìyá ọlọ́mọ, mi ò mọ̀! Ìyá wá ní, 'Àyọ̀ká, ṣíjú sókè, má sunkún.' Màmá, mo sunkún títí aṣọ oníbàárà fi rin lọ́wọ́ mi."

"Pẹ̀lẹ́," mo ní. "Ọlọ́run á tù ọ́ nínú."

Mo fẹ́ kó dákẹ́ síbẹ̀. Kò dákẹ́.

"Ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n ní bí ẹbí bá jáde wá pe ohùn kan ní tiwọn, Ojú, ẹ̀rọ aṣọ́nà ìjọba, á wá ohùn náà dé inú gbogbo ẹ̀rọ, á fà á yọ pátá. Èyí tí kò bá ní ẹbí ni wọn ò lè wá kiri, torí wọn ò ní ohun tí wọ́n á fi wé e. Ọlọ́run dárí jì mí, Màmá, mo máa ń gbàdúrà pé kí Ìyá yẹn má ní ẹbí kankan tó kù láyé."

"Àmín," ni mo ní.

Ẹnu mi ló sọ ọ́. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ta ló rán obìnrin yìí sí mi? Bẹ́ǹṣì mélòó ló wà nínú gbọ̀ngàn yìí tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ mi ló wá jókòó sí? Mo ṣì ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi lé e dànù nígbà tí ẹ̀rọ ara ògiri pè mí: "Morẹ́nikéjì Ọ̀jẹ́dìran, ẹ wọlé."

"Ó yá, Màmá," Tinúọlá ní. Ó bá mi tún ìborùn pádì náà wé. "Màá dúró dè yín."

Yàrá náà kéré, ó sì tutù. Akínwándé lorúkọ òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀, ọmọkùnrin tí mo lè bí, tó fi gíláàsì róbótó kan há kọ́là. Ó tẹríba kí mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba pádì lọ́wọ́ mi. Wọ́n tọ́ ọ dáadáa nílé. Ìyẹn tún wá dùn mí, nítorí mo ti múra ìjà sílẹ̀.

"Ẹ jókòó, Màmá." Àga kan ṣoṣo ló wà, dúdú, fífẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí àga tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. "Mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín pé àga yẹn ń kíyè sí yín."

"Kí ló ń wá lára èmi arúgbó?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Ọ̀nà méjì ló wà, Màmá. Bí ẹbí yín bá ni ohùn inú ẹ̀rọ yìí, ẹ tẹ àtàǹpàkò síbí. Èyí á di tiyín." Ó ti àpótí kan sí iwájú mi, igi ni, kò ju awo ọṣẹ lọ. "Ẹ̀yin nìkan ni yóò máa gbọ́ ọ títí láé. Ojú á sì lọ kó ìyókù wálẹ̀."

"Ìyókù wo?"

"Gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìyá oníìyá."

"Ọ̀nà kejì ń kọ́?"

"Kí ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n. Màá pa èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí rẹ́, ọ̀rọ̀ parí, a ò ní í wá ìyókù. Ṣùgbọ́n nítorí pé ilé yín la ti bá a, òfin ní kí àga dán yín wò ná. A ó jẹ́ kí ohùn náà sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá dìde, tàbí ẹ kúnlẹ̀, tàbí ẹ dáhùn, àga á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹbí yín ni, ẹ kàn ń sẹ́ ẹ ni. Ojú á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn." Ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. "Àwọn tó ṣòfin yẹn mọ̀ wá, Màmá. Ọmọ Yorùbá wo ni ìyá rẹ̀ á máa kì, tí á jókòó gẹlẹtẹ bí àlejò?"

"Ẹkún ń kọ́?"

Ó wo orí tábìlì. "Ẹkún ò kà. Gbogbo èèyàn ló ń sunkún níbí."

Mo gbé àpótí náà wò. Igi tuntun ni, ó ṣì ń rùn bí ilé káfíńtà. Ẹ má purọ́ tàn mí, kò sẹ́ni tó máa gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dání tí ọkàn rẹ̀ ò ní í fà sí i. Mo rí i lójú ara mi: màá jí láàárọ̀, màá ṣí i, ìyá mi á pè mí, kò sí etí-ilé, kò sí tìmùtìmù, kò sí ìbẹ̀rù. Ṣé mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i ni? Ta ló ń wẹ̀ fún wọn nígbà tí ara wọn ò le mọ́? Ta ló pa ojú wọn dé? Èmi ni. Ẹ̀wọ̀n ni Fọlárìn wà nígbà yẹn nítorí géèmù ayédèrú, ibẹ̀ náà ló sì kú sí. Láti ìgbà náà, kò sí ẹnì kankan lókè eèpẹ̀ tó mọ̀ pé Àwẹ̀ró ni oríkì mi, àfi pádì yìí. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù níbẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀dà tó wà níta, Àyọ̀ká wà, Àjàdí wà, Àlàó wà, gbogbo oríkì tí ìyá mi mọ̀ ló wà. Kò sí Àwẹ̀ró. Ìyá mi ní òun ò fẹ́ kí oríkì ọmọ òun máa rìn kiri títì. Inú pádì tí Fọlárìn kọ́kọ́ ṣe, tó fún mi, níbẹ̀ nìkan ló wà.

Ojú mi báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀. Fọlárìn ṣẹ̀ṣẹ̀ da géèmù náà kọ tán, àwọn ọmọ agboolé pé lé e lórí. Bí ọmọ kan bá pàdánù, ohùn òyìnbó kan nínú rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á sọ nǹkan kan. Ìyá mi ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"Kí ni ẹ̀rọ yìí ń sọ?"

"Ó ní ọ̀dẹ̀ ni wọ́n, Màmá," Fọlárìn ní.

"Ọ̀dẹ̀ kẹ̀? Ọmọ tó ṣubú? Ilé wo ni wọ́n ti tọ́ ẹ̀rọ yìí dàgbà? Ọmọ tó bá ṣubú, a kì í bú u. A máa ń kì í ni, kí ó lè rí agbára dìde."

Fọlárìn bú sẹ́rìn-ín, ó na ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ sí wọn lẹ́nu. "Ó dáa, ẹ kì wọ́n."

Àfi bíi pé wọ́n ti ń retí rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé. Ìyá mi ti ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n kì títí ọ̀fun wọn fi gbẹ, wọ́n mumi, wọ́n tún kì. Wọ́n kì ti alààyè, wọ́n kì ti òkú, wọ́n kì ti àwọn tó ti rìnrìn àjò tí kò padà. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, Fọlárìn bi wọ́n pé, "Màmá, bí wọ́n bá béèrè, ọmọ ta ni kí n ní ẹ ń kì?"

Wọ́n ní, "Ọmọ tó bá ti ṣubú."

Mo gbé àpótí náà padà sórí tábìlì. Mi ò fẹ́ gbé e padà. Ẹ jẹ́ kó yé yín, kì í ṣe pé inú mi mọ́ jù. Ọ̀rọ̀ Tinúọlá ló há mi lọ́fun bí eegun ẹja, mi ò lè gbé e mì, mi ò lè pọ̀ ọ́.

"Mi ò mọ ohùn tí ẹ ń wí," mo ní. "Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ká gbọ́."

Akínwándé wò mí. Ó tẹ pádì.

Mo kọ́kọ́ gbọ́ ariwo èrò lórí pápá, lẹ́yìn náà fèrè. Lẹ́yìn náà, ìyá mi.

"Àwẹ̀ró.
Àwẹ̀ró ọmọ a-hun-òfì-bo-àṣírí,
ọmọ òwú là, ọmọ aró mu,
ọmọ a-rìn-gbẹ̀rẹ̀-débi-tí-wọ́n-ń-sáré-lọ.
Wọ́n nà ọ́ ni? Má sunkún. Ṣíjú sókè.
Ẹni tó ṣubú sórí ilẹ̀ baba rẹ̀ kò ṣubú sọ́wọ́ ọ̀tá.
Àwẹ̀ró, dìde."

Orúnkún mi kò bi mí léèrè kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Mo di apá àga mú, mo fi ẹsẹ̀ kan tẹ èkejì mọ́lẹ̀. Mo gé ètè mi jẹ. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Mo ti jókòó ti ẹni tó ń kú lọ, tí mo ń rẹ́rìn-ín sí i, tí mo ń sọ fún un pé ilẹ̀ á mọ́. Mo sọ fún ara mi pé Morẹ́nikéjì, iṣẹ́ lo wà, aláìsàn ló wà níwájú rẹ, jókòó. "Hẹ̀ẹ́n, Màmá" ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ní ó ti tán. Láti ọjọ́ tí mo ti ní pádì náà, ibẹ̀ ló máa ń tán sí. Wọ́n á pè mí, màá dáhùn, géèmù á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mi ò dákẹ́ rí. Ọmọ wo ló máa dákẹ́?

Mo wá gbọ́ tí ẹnì kan mí nínú pádì náà. Ohùn ìyá mi tún jáde, kò lọ sókè bíi ti àkọ́kọ́, ó rọlẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa tí wọn ò bá mọ̀ bóyá a ti sùn.

"Àwẹ̀ró, o ò gbọ́ mi ni?"

Mo tún fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ó dáa. Ó ti rẹ̀ ọ́ ni. Sinmi, ọmọ mi. Màá tún pè ọ́ lọ́la."

Ó tán.

Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ẹ gbà mí o, mi ò gbọ́ ọ rí! Gbogbo ọdún tí mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù nínú géèmù yẹn láàárọ̀, ẹ̀yìn ìdáhùn mi ni ọ̀rọ̀ náà jókòó sí, èmi ni mò ń tì í lẹ́kùn mọ́. Mi ò mọ ọjọ́ tí Fọlárìn gbà á sílẹ̀. Mi ò sí nílé lọ́jọ́ náà. Ìyá mi rò ó pé ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan kí n má lè dá wọn lóhùn, wọ́n sì ti fi èsì sílẹ̀ dè mí. Ọ̀rọ̀ tuntun láti ẹnu ẹni tó ti kú, lórí àga tí mi ò gbọ́dọ̀ mira lórí rẹ̀. Omi ń dà lójú mi, ó ń kán sí aṣọ tí mo wọ̀ wá mú wọn lọ sílé. Mo jókòó. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe jókòó.

"Àga ò rí nǹkan kan, Màmá," Akínwándé ní. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Mo gbọ́dọ̀ bi yín kí gíláàsì ọrùn mi lè gbọ́. Ṣé ẹ mọ ẹni tó sọ̀rọ̀ yìí?"

"Mi ò mọ ẹni náà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ sókè."

"Mo ní mi ò mọ ẹni náà rí láyé mi!"

Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó tún un ṣe, apá tó kẹ́yìn yẹn nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ èèyàn, kí ló fẹ́ fi ohùn rẹ̀ ṣe? Mo pa ẹnu mi mọ́. Ó gbé pádì lé irin pẹlẹbẹ kan, irin náà kùn díẹ̀ bí eṣinṣin, ó sì dákẹ́. Kò pẹ́ rárá. Ìyá mi pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu ikú. Ó fi ìborùn mi wé e padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn, Màmá," ó ní.

Mi ò bi í pé kí ló ní lọ́kàn. Mo jáde.

Tinúọlá wà lẹ́nu géètì. Bó ṣe rí mi ló sáré wá. "Wọ́n ti ṣe é?"

"Wọ́n ti pa á rẹ́."

"Ẹbí kankan ò jáde, àbí?"

"Kò sí ẹbí kankan," mo ní.

"Ọlọ́run ṣeun o! Ọlọ́run ṣeun!" Ó fò sókè níbẹ̀, ó wá rántí pé tèmi ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa rẹ́, ojú tì í. Ó dì mọ́ mi. "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ má bínú sí mi. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ lọ mu omi. Ẹ wá gbọ́ ọ lọ́dọ̀ mi. Tèmi tiyín náà ni."

Ǹ bá kọ̀, ẹsẹ̀ mi ò gbà. A sọdá títì. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún ìrépé aṣọ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ògiri. Ó fa kọ́tìnnì, ó tan máṣíìnì kan tí kò sí aṣọ lábẹ́ rẹ̀, ó jẹ́ kó máa rán afẹ́fẹ́, kí ariwo rẹ̀ lè dí etí tó wà lára ògiri. Lẹ́yìn náà ló tẹ gíláàsì máṣíìnì kejì. Àwọn agbábọ́ọ̀lù yọ, wọn ò ga ju èékánná lọ. Tinúọlá kò fi àkókò ṣòfò. Ó dojú bọ́ọ̀lù kọ ilé ara rẹ̀, ó gbá a wọlé, ó tún gbá òmíràn. Fèrè dún.

"Àyọ̀ká," ìyá mi ní. "Wọ́n nà ọ́ ni? Má sunkún. Ṣíjú sókè. Àyọ̀ká, dìde."

Tinúọlá ya ẹnu láti dáhùn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má dáhùn."

"Háà, Màmá! Ìyá ò ní í pè mí mọ́!"

"Irọ́ ni wọ́n pa. Á pè ọ́. Dákẹ́ kí o gbọ́."

"Ta ló sọ fún yín?"

Ó wo gíláàsì, ó tún wò mí. Ohun kan ṣoṣo tó ní láyé tó mọ oríkì rẹ̀ ni mo ní kó fi dán wò, nítorí ọ̀rọ̀ àjèjì. Ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, ó di ojú. Máṣíìnì àkọ́kọ́ ń rán afẹ́fẹ́ lọ.

"Àyọ̀ká, o ò gbọ́ mi ni?"

Orúnkún mi tí mo dè mọ́lẹ̀ lórí àga ìjọba, kò gbà fún mi mọ́. Mo bá ara mi nílẹ̀ láàárín ìrépé aṣọ, lórí eékún méjèèjì, bí mo ṣe máa ń kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn.

"Mo gbọ́, Màmá mi," mo ní. "Mo gbọ́. Ẹ má bínú, wọn ò jẹ́ kí n dáhùn ni."

Ẹ̀rọ náà gbọ́ ohùn èèyàn, ó rò pé Àyọ̀ká ló dáhùn. Ìyá mi kò sọ ìyókù. Fèrè dún, àwọn agbábọ́ọ̀lù tún tò sórí pápá, ẹni kejìlá tí kò lójú wà láàárín wọn.

Tinúọlá ń wò mí nílẹ̀. Ó wo ojú mi, ó wo orúnkún mi, ó tún wo gíláàsì. Mo rí i nígbà tó yé e, nítorí ó gbé ọwọ́ lé orí, omi sì lé sí i lójú. Ó jókòó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀, ó gba bọ́ọ̀lù, ó sì tún gbá a sínú àwọ̀n ara rẹ̀.